Nígbà Tí Oògùn Ásímà Bá Ń Dà Wá Láàmú

Àwa tí a ń gbé ní Òkè Ọya kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe fún èèyàn. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà á bo ojú ọ̀run, ètè á máa là, ihò imú á gbẹ, àwọn tó ní ásímà láàárín wa á sì máa gbọ́ ohùn bíi ti fèrè nínú àyà ara wọn lóru. Ìgbà yìí ni ínhélà máa ń jáde nínú àpò. Ìgbà yìí náà ni ẹ̀sùn tí a ń fi kan oògùn máa ń pọ̀. Ẹnì kan á ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Èkejì á ní àyà òun ń lù kì-kì-kì bí ẹni tó sáré. Ìyá kan á ní ohùn òun ti há, òun kò lè bá ẹgbẹ́ akọrin kọrin mọ́. Òmíràn á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wú débi pé wọ́n ń kí òun kú ìsanra.

Òtítọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Kò sí oògùn tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í ṣe nǹkan mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, èyí tí à ń pè ní àtubọ̀tán oògùn. Ohun tó ń ba àwa apòògùn lọ́kàn jẹ́ ni ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé lẹ́yìn ẹ̀sùn náà. Wọ́n á fi oògùn tó yẹ kí wọ́n máa lò lójoojúmọ́ sílẹ̀, wọ́n á di èyí tó ń mú ìtura kíákíá mú, títí wọn yóò fi bá ara wọn lórí oògùn oníhóró tí àtubọ̀tán rẹ̀ burú ju ti gbogbo àwọn tí wọ́n sá fún lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a mọ oògùn tó ń ṣe èyí àti èyí tó ń ṣe tọ̀hún, àti ohun tí a lè ṣe sí i láì pa oògùn tì.

Ikọ́ fèé ni àwọn àgbà ń pe ásímà. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ o. Kòkòrò ló ń fa ìyẹn, ó sì ń ràn. Ásímà kì í ràn.) Nínú àyà ẹni tó ní i, ara inú àwọn ọ̀nà tí èémí ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró máa ń wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì máa sun níbẹ̀. Bí eruku, èéfín, òórùn tùràrí, òtútù tàbí ohun mìíràn tí ara rẹ̀ kọ̀ bá kàn án, iṣan tó yí ọ̀nà náà ká á fún pọ̀. Nǹkan méjì ni: wíwú àti fífún. Oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bójú tó wọn. Ínhélà búlúù, ìyẹn salbutamol tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Ventolin, ń tú iṣan tó fún, kì í fọwọ́ kan wíwú. Oògùn adènà, bíi beclometasone, tàbí irú èyí tó wà nínú Seretide àti Symbicort, ló ń mú wíwú lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá fa adènà nìkan kì í rí ìtura lójú ẹsẹ̀, òun ló fà á tí wọ́n fi ń fojú di í.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àyà tó ń já

Salbutamol inú ínhélà ń ṣiṣẹ́ láàárín bí ìṣẹ́jú 5, agbára rẹ̀ sì lè wà lára fún wákàtí 4 sí 6. Àwọn ibì kan wà lára iṣan ẹ̀dọ̀fóró tí oògùn yìí máa ń kàn bí ẹni kan ilẹ̀kùn, tí iṣan náà á sì dẹ̀. Àmọ́ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wà lára iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pẹ̀lú, ó sì wà nínú ọkàn. Oògùn tó bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ yóò kan ìyẹn náà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí àyà fi ń lù, tí orí fi lè fọ́, tí pajápajá sì ń mú àwọn mìíràn lẹ́sẹ̀. Fún ẹni tó fà á lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kì í pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ gbé ife tíì gbígbóná sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Àwọn kan ní ínhélà ń pa ọkàn. Ìbẹ̀rù yẹn ní ibi tó ti wá. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí ínhélà isoprenaline alágbára wà lọ́jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye àwọn tí ásímà pa níbẹ̀ lọ sókè, oògùn yẹn sì máa ń lu ọkàn gidigidi. Ní ọdún 1969 ni salbutamol jáde, wọ́n sì ṣe é kí ó lè máa wá ẹ̀dọ̀fóró lọ ju ọkàn lọ.

Kí a má gbàgbé obì. Gbànja tó ń ti ìhà Ṣàgámù àti Àgége wá sí Kano ní kaféènì nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni kọfí àti tíì. Kaféènì nìkan tó láti mú àyà já. Ẹni tó jẹ awẹ́ obì mẹ́rin kó tó fa ínhélà kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹrù ẹ̀bi ru oògùn.

Oníhóró kò rọ̀ ju ínhélà lọ

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kógbá iṣẹ́ àwọn sílé ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ínhélà gun òkè àjà, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì yà sídìí salbutamol oníhóró torí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Mo mọ bí ọjà ṣe rí, n kò lè bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n èrò kan wà tí mo fẹ́ kí a gbé sọnù, èyí tó ní hóró tí a gbé mì kò le tó èyí tí a fín sẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ínhélà búlúù ń tú 100 microgram jáde lẹ́ẹ̀kan tí a bá tẹ̀ ẹ́. Hóró salbutamol 4 mg jẹ́ 4,000 microgram. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n oògùn tó wà nínú hóró kan ṣoṣo tó ti ínhélà tí a tẹ̀ ní ìgbà 40. Hóró yìí gbọ́dọ̀ gba inú ikùn lọ, kó wọ ẹ̀jẹ̀, kó yí gbogbo ara ká, kó tó kan ẹ̀dọ̀fóró. Ó pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, ọwọ́ àti àyà sì máa ń jẹ nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó sọ pé ínhélà lágbára jù fún òun, tó wá ń gbé hóró kan mì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ńṣe ló sá fún òjò tó lọ dúró sínú odò.

Aminophylline àti theophylline tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti Franol tó ní theophylline àti ephedrine nínú. Ààlà tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń woni sàn àti ìwọ̀n tó ń ṣeni lọ́ṣẹ́ kò fẹ̀ rárá. Inú á máa rú, èèyàn á máa bì, oorun á dá, ọkàn sì lè máa lù ségesège. Ciprofloxacin tí wọ́n ń kọ fún taifọ́ọ̀dù, àti erythromycin, máa ń jẹ́ kí theophylline pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ta oògùn kankan fún un. Bí èébì bá dé láàárín àkókò náà, ẹ má ní ibà ló tún pọ̀ sí i, ẹ tètè rí dókítà.

Oògùn tí kò yẹ kí a fi wo àyà jíjá

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ nìyí. Bí ẹni tó ní ásímà bá wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn, tó ní, "Àyà mi ń já, ẹ wá nǹkan fún mi," tí kò sì sọ pé òun ní ásímà, wọ́n lè fún un ní propranolol, èyí tí àwọn mìíràn mọ̀ sí Inderal. Òótọ́ ni pé propranolol ń mú kí ọkàn rọra lù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí salbutamol ń kàn lára iṣan ẹ̀dọ̀fóró gan-an ni òun ń tì pa. Ọ̀nà èémí lè fún pọ̀ lójijì, kí a wá fa ínhélà búlúù títí kó má sì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ti pa èèyàn rí.

Atenolol tí wọ́n ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru wà nínú ẹbí oògùn yìí. Timolol tí a ń kán sójú fún gilọkómà náà wà níbẹ̀, ẹ̀kán kan lójú sì lè dé ẹ̀dọ̀fóró. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tó kà níhìn-ín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ojú dúró fúnra rẹ̀ o, dókítà ni yóò bá a pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aspirin àti ibuprofen ń gbé ásímà àwọn kan dìde. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún rí, kí ó jìnnà sí wọn, kí ó sì béèrè oògùn ìrora mìíràn.

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa tí dókítà kan ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, tí òmíràn ń wo ojú wọn, tí wọ́n sì ń ra oògùn ásímà ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e síwájú ẹnì kan ṣoṣo kó yẹ̀ ẹ́ wò pa pọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá wọn ṣe é.

Ẹnu funfun, ohùn híhá

Oògùn adènà jẹ́ sìtẹ́rọ́ọ̀dù. Orúkọ yìí nìkan ti lé ọ̀pọ̀ òbí sá. Èyí tí à ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró kéré, ibi tí iṣẹ́ wà náà ló ń lọ. Ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun ló ti máa ń yọni lẹ́nu jù, torí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ń dúró síbẹ̀. Ó ń dín agbára tí ara fi ń lé ohun bí olú kéékèèké kúrò lẹ́nu kù, nǹkan funfun bí ògì á wá lẹ̀ mọ́ ahọ́n àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, oúnjẹ kò ní dùn, ọ̀fun á máa ta. Tí oògùn bá sì ń bà lé okùn ohùn, ohùn á há.

Omi ni oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa adènà, ẹ bu omi sẹ́nu, ẹ yọ ọ́, ẹ fi fọ ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ tu ú dànù. Ẹ má gbé e mì. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ fi ínhélà adènà sí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà, kí ẹ fà á kí ẹ tó fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ kò ní gbàgbé. Bí nǹkan funfun náà bá ti yọ, oògùn wà fún un, bíi nystatin, kì í ṣe kí a ju adènà nù. Ti ohùn híhá yàtọ̀ díẹ̀. Fífọ ẹnu nìkan kì í sábà tó fún un. Dókítà lè dín ìwọ̀n kù bí àyà bá ti dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, tàbí kó pààrọ̀ irú ínhélà.

Àwọn òbí máa ń béèrè bóyá kò ní jẹ́ kí ọmọ ga. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tọpa àwọn ọmọ tó lo budesonide fún ọdún bíi mẹ́rin títí wọ́n fi dàgbà. Wọ́n fi bíi sẹ̀ǹtímítà 1 kúrú sí àwọn tí kò lò ó. Ìyẹn náà ni iye tí a ń sọ. Ọmọ tí kì í sùn lóru nítorí èémí, tí kì í lè jẹun dáadáa, òun náà kì í dàgbà bó ṣe yẹ.

Ike omi tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ olówó ńlá

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń lo ínhélà: wọ́n á la ẹnu, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, wọ́n á pa ẹnu dé. Orí ahọ́n ni oògùn bà lé. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí a mì ín, kí a mí síta tán, kí a fi ètè yí ẹnu rẹ̀ ká, kí a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan bí a ti ń rọra fa èémí wọlé, kí a sì sé èémí fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ìgbà tí ó bá tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú ni a ó tó tẹ ẹ̀ẹ̀kejì.

Ọmọdé àti àgbàlagbà kì í sábà lè ṣe èyí. Torí tiwọn ni wọ́n ṣe ń ṣe spacer, ike tó máa ń gba oògùn dúró kí èèyàn lè fà á ní pẹ̀lẹ́. Ó ń dín èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ẹnu kù púpọ̀. Òun náà wọ́n. Ní ọdún 1999, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town, ní ilẹ̀ South Africa, gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Wọ́n fi ike mínírà 500 ml ṣe spacer fún àwọn ọmọ tí ásímà gbé dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé ó ṣiṣẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe, bí wọ́n bá dí ojú ibi tí ínhélà ti wọlé dáadáa. Ife tíì onífóòmù tí wọ́n dán wò kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ike 500 ml, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ gé ihò sí ìdí rẹ̀, kí ó wọ̀n dọ́gba pẹ̀lú ẹnu ínhélà, ẹ ti ínhélà bọ̀ ọ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tàbí téèpù dí etí rẹ̀ pinpin. Ọmọ á fi ẹnu sí ibi tí a ti ń mu omi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ mí sínú mí síta bí ìgbà 5 sí 6, kí ẹ tó tẹ òmíràn. Ọmọ ọwọ́ tí kò lè di ẹnu mọ́ ike nílò èyí tó ní ìbòjú, kí ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Prednisolone

Bí ásímà bá gbóná, dókítà lè kọ prednisolone oníhóró fún àgbàlagbà, bíi 40 mg sí 50 mg lóòjọ́ fún ọjọ́ 5 sí 7. Ó ń gba ẹ̀mí là, kí ẹnikẹ́ni má kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ó bá yẹ. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ebi á máa pa èèyàn bí ọlọ́dẹ, oorun lè dá, inú lè máa bí i sí gbogbo ará ilé. Ẹ lò ó láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, oorun alẹ́ á sì lè wá. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ máa yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò, torí pé yóò gòkè. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kí ó sọ ṣáájú.

Wàhálà ńlá ni ti ẹni tó ń rà á fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ásímà lágbàáyé tí à ń pè ní GINA sọ pé bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré tí àgbàlagbà bá lo irú oògùn yìí ní gbogbo ayé rẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ, egungun jíjẹrà àti ojú tó ń ṣe bàìbàì ti ń pọ̀ sí i. Èyí tó wá léwu jù ni pé bí èèyàn bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ara á ti dáwọ́ ṣíṣe irú tirẹ̀ dúró. Bí onítọ̀hún bá dá a dúró lójijì, ó lè dákú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ gan-an. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń dín in kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣọ́ra fún ìyẹ̀fun àti àgbo ásímà tó ń ṣiṣẹ́ ní wéréwéré, tí ẹni tó tà á kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ni àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n po prednisolone tàbí dexamethasone mọ́ irú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yó bí oṣù lẹ́yìn irú àgbo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlera.

Ohun tó sì ń lé èèyàn dé ìdí prednisolone léraléra ni adènà tí wọ́n pa tì. Láti ọdún 2019 ni GINA ti sọ pé kí àgbàlagbà àti ọmọ tó ti tó ọdún 12 má ṣe gbára lé ínhélà búlúù nìkan mọ́. Ínhélà búlúù kan sábà máa ń ní fífín 200 nínú. Ẹni tó bá lo mẹ́ta tán láàárín ọdún kan ti wà nínú ewu kí ásímà gbóná sí i, ẹni tó ń lo ọ̀kan lóṣooṣù sì ti wà nínú ewu ikú.

Díẹ̀ tó kù

Montelukast, hóró tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọdé, lè mú àlákálàá wá, tàbí kí ìwà ọmọ yí padà, kí ó máa bínú, kí inú rẹ̀ máa bàjẹ́. Ní ọdún 2020 ni àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù sára páálí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má na ọmọ, ẹ dá oògùn náà dúró kí ẹ sì rí dókítà ní kíákíá.

Aláboyún tó ní ásímà kò gbọdọ̀ fi adènà sílẹ̀ torí oyún. Àìrí èémí mí ni ọmọ inú kò lè fara dà.

Ẹ̀yin tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ lè gbé adènà tí à ń lò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ sí àsìkò sààrì àti ìṣínu, kí prednisolone wà lẹ́yìn oúnjẹ sààrì. Bí èémí bá há lọ́sàn-án, ẹ fa búlúù. Ẹ̀sìn fún aláìsàn láàyè.

Ọjọ́ kan wà tí a kì í ro àtubọ̀tán oògùn rárá. Bí ẹnì kan kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, bí ìhà ọmọ bá ń wọlé nígbà tó bá ń mí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Lójú ọ̀nà, ẹ fún un ní ínhélà búlúù láti inú spacer, ìgbà 4 sí 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 bí ẹ kò bá tíì débẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kó gbọ̀n.

Bí ínhélà bá wà nínú àpò yín lónìí, ẹ mú un jáde lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ bá wa níbi tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. A ó wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, a ó sì wo bí ẹ ṣe ń fà á. Ẹ mú ike omi tí ẹ bá mu tán dání.